Àgbẹ̀ gbẹ̀kọ́ tán, ó tún gbé pọ́ǹpù kọ́yìn: kí ló fà á?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ rèé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Apá Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, mo máa ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè kápá kòkòrò láì jẹ́ pé kẹ́míkà ni wọ́n máa kọ́kọ́ sáré gbé, ìyẹn IPM tí wọ́n ń pè é. Lọ́dún tó kọjá a kó ogún àgbẹ̀ jọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, a kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yẹ oko wò, bí wọ́n ṣe ń po dóńgóyárò, bí wọ́n ṣe ń yí ohun ọ̀gbìn padà lórí ilẹ̀. Gbogbo wọn ló gbọ́, wọ́n béèrè ìbéèrè, wọ́n tún yìn wá. Nígbà tí mo lọ yí oko wọn ká lásìkò òjò yìí, mẹ́ta péré ló ń ṣe é. Àwọn mẹ́tàdínlógún tó kù ti gbé pọ́ǹpù kọ́yìn padà, ẹlòmíì ń fín ẹ̀fọ́ lónìí, á kó o lọ sọ́jà lọ́túnla. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àìmọ̀kan ni àbí oríkunkun? Ó ń dùn mí, mi ò purọ́."

* * *

Àbúrò mi, kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Èmi gan-an ti wà lára irú àwọn mẹ́tàdínlógún yẹn rí, ọdún mẹ́fà ni mo fi wà níbẹ̀, nítorí náà mo lè sọ ohun tó wà nínú wọn fún ẹ.

Ìkòròdú níbí ni mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo dé oko tí mo rí i pé ìdin ti lu ewé ẹ̀fọ́ mi jálujàlu, tí alájàpá sì ti ní Fúráìdeè lòun ń bọ̀ wá kó o, ìwé wo ni mo fẹ́ ṣí? Sábó ni mo sáré lọ, mo lọ ra oògùn. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń lò kó tó tó kó, tí kòkòrò bá fi ọjọ́ mẹ́rin péré jẹun nínú ẹ̀, owó ti wọlẹ̀ nìyẹn. Owó tí mo sì fi ra irúgbìn àti ìgbẹ́ adìẹ, owó àjọ ni, wọ́n ń retí mi níparí oṣù. Oògùn yẹn ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn. Tí o bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, kọ́kọ́ sọ fún un pé ta ló máa gbèjà ẹ̀ tí oko yẹn bá bàjẹ́ nígbà tó ń gbìyànjú ohun tí o kọ́ ọ.

* * *

Mo ti ka ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ ibí.

Ọ̀pọ̀ ní wọn ò kàwé ni. Àwọn míì ní àgbà ni wọ́n, pé orí àgbà ò gba nǹkan tuntun mọ́. Mi ò gbà o. Lágbègbè wa níbí, ẹni tó mọ oko yẹ̀ wò jù ni ìyá àgbà kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n tó bá ṣí ewé ilá wò lábẹ́, á sọ fún ẹ pé ẹyin kòkòrò báyìí báyìí lèyí, pé tí a ò bá já ewé yẹn dànù kó tó di ọ̀túnla, ó ti pa nìyẹn. Ata, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀wà, ó máa ń gbìn wọ́n pọ̀ bí ìyá ẹ̀ ṣe ń ṣe é, eérú ló máa ń kù sórí ẹ̀fọ́. Kò gbọ́ IPM rí láyé ẹ̀. Ẹni tó sì ń fín oògùn jù láàárín wa, yunifásítì ló ti jáde.

Ibi tí mo ti gbà pé ìwé kíkà ní ọwọ́ nínú ẹ̀ ni ara ìgò oògùn. Òyìnbó ni wọ́n kọ síbẹ̀, lẹ́tà wínníwínní. Àmọ́ àwọ̀ tí wọ́n fi sí ara ẹ̀, ẹni tí ò kàwé náà lè mọ̀ ọ́n: pupa léwu jù, yẹ́lò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, èyí tó ní àwọ̀ ewé lewu ẹ̀ kéré jù. Ìyẹn ò gba wákàtí kan láti fi kọ́ èèyàn.

Nǹkan míì tún wà tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ. Nínú ogún tí ẹ kó jọ, obìnrin mélòó ló wà níbẹ̀? Àwọn ìyàwó ló ń já ewédú, àwọn ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ láàárọ̀, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ rí ìdin. Tí ìpàdé bá dé, bàálé ló máa lọ jókòó. Ẹni tó gbọ́ ẹ̀kọ́ kọ́ ló rí kòkòrò.

* * *

Ẹ jẹ́ n wá sórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí.

Ọ̀nà Ọ̀dọ̀gùnyàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ oko. Ọdọọdún là ń san owó ilẹ̀ yẹn, kò sí ìwé kankan, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀kọ́ IPM inú mi dùn gan-an, mo gbin dóńgóyárò yí etí oko ká kí n má baà máa wá èso ẹ̀ kiri, mo ń da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sílẹ̀ torí àwọn aràn wẹ́wẹ́ tó ń jẹ gbòǹgbò tòmátì, mo wá pín oko sọ́nà mẹ́rin kí n lè máa yí i, ibi tí ata bá wà lọ́dún yìí, àgbàdo tàbí ẹ̀wà ló máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí ò mọ̀ bóyá òun ṣì máa wà lórí ilẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní ohun tó máa so èso lọ́dún tó ń bọ̀. Dóńgóyárò fúnra ẹ̀, bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló máa ń lò kó tó so.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ọdún kejì, mo dé oko, katakata ti wọbẹ̀. Mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ ti tà á fún àwọn tó fẹ́ gé e sí pulọ́ọ̀tì. Wọ́n ní kí n sáré kó ata tó bá ti pọ́n. Dóńgóyárò tí mo gbìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan mí láyà ni, wọ́n ti wọ́ ọ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ tó dára jù tí mo ní.

Látìgbà yẹn lọ ni mo di ẹni tó ń fín oògùn, ọdún mẹ́fà. Mo lọ síbí, mo lọ sọ́hùn-ún, ilẹ̀ ọdọọdún náà ni. Oògùn tí mo bá rà lónìí, lónìí náà ló máa ṣiṣẹ́ fún mi, kò sí katakata tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ mọ̀ ju mí lọ, ẹ rí ohun tí owó ilẹ̀ dà látìgbà tí rìfáínárì àti Free Zone ti dé apá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Àbúrò, ṣe nǹkan kan fún mi. Padà lọ bá àwọn mẹ́ta tó ń ṣe ohun tí ẹ kọ́ wọn, má béèrè ìwé tí wọ́n kà, béèrè pé ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n ń ro. Kí o wá sọ fún wa níbí.

* * *

Ẹnì kan láti Àgbádárìgì kọ ọ́ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀, pé òun ṣe IPM lórí tòmátì, òun ò fín nǹkan kan, ará ẹ̀gbẹ́ òun fín, gbogbo eṣinṣin funfun sì kó wá sọ́dọ̀ òun, òun ò rí apẹ̀rẹ̀ méjì kó.

Mo gbà ẹ́ gbọ́, arákùnrin. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ohun tí wọn kì í fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún wa ni pé ààlà oko wa, kòkòrò ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní bẹ́ẹ̀dì márùn-ún láàárín àwọn tó ń fín oògùn, kò lè dá nǹkan yìí ṣe. Alántakùn, agbọ́n, kòkòrò pupa kékeré alámì dúdú tó ń jẹ iná ara ewé (ìyẹn àwọn kòkòrò tíńtín tó ń fa omi ara ewé), àwọn wọ̀nyí ni ọmọ ogun tiwa, tí oògùn ará ẹ̀gbẹ́ ẹ bá dé, wọ́n ti kú. Iná ara ewé ní tiẹ̀ á tún bí láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa jẹ ẹ́ mọ́.

Nígbà tí mo rí ilẹ̀ ọlọ́dún mẹ́wàá ní apá Ìmọ̀ta níbí, ọ̀dọ̀ àwọn àna mi ni, a kọ ọ́ sílẹ̀, a fọwọ́ sí i, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo lọ bá àwọn tí oko wọn pààlà pẹ̀lú tèmi. Mọ́kànlá ni wá. A ní kí ẹnikẹ́ni má fín nǹkan kan láìjẹ́ pé èèyàn méjì ti rìn gbogbo oko já, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n ṣí ewé mẹ́wàá wò lábẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Tí nǹkan tí wọ́n rí bá kéré, ọwọ́ la máa fi ṣà á. Tó bá pọ̀, bẹ́ẹ̀dì yẹn nìkan la máa fín.

Mi ò ní tàn yín o. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn le, a pàdánù, èèyàn méjì bínú kúrò nínú ẹ̀. Ọdún kejì la tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí alántakùn dáadáa láàárín ilá, àwa tá a máa ń fín ẹ̀ẹ̀marùn-ún ká tó kó ata tán, a wá ń fín ẹ̀ẹ̀kan, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn méjì tó lọ yẹn, ọ̀kan ti padà.

* * *

Ẹni tó béèrè pé ṣé IPM ti ṣiṣẹ́ níbikíbi rí ní Nàìjíríà: ó ti ṣiṣẹ́, ìwọ náà sì ń jẹ èrè ẹ̀ bí o bá ti ń jẹ gàrí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni kòkòrò kan wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun síra, ó máa ń mú kí orí ẹ̀gẹ́ ká jọ, kó rán. Ẹ̀gẹ́ ń kú káàkiri. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ló gbé e, ọ̀gbẹ́ni Hans Herren, ọmọ Switzerland, ló ṣáájú iṣẹ́ yẹn. Wọ́n wá ibi tí kòkòrò yẹn ti ṣẹ̀ wá lọ, wọ́n rí agbọ́n tíńtín kan ní Paraguay tó jẹ́ pé ara kòkòrò yẹn ló ń yé ẹyin sí, ọmọ agbọ́n á wá jẹ ẹ́ látinú. Ní 1981 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ́n yẹn sílẹ̀ ní Nàìjíríà níbí, ó sì tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Wọ́n fún Herren ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ní 1995.

Ẹ wá wo ohun kan nínú ìtàn yìí. Àgbẹ̀ wo ni wọ́n ní kó gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ? Kò sí. Agbọ́n ò béèrè ẹni tó ni ilẹ̀, ó fò kọjá ààlà, àgbẹ̀ kankan ò san kọ́bọ̀. Ìdí tó fi yọrí nìyẹn. Èyí tí wọ́n wá ń kó fún wa báyìí, àwa la máa gún un, àwa la máa rẹ ẹ́, àwa la máa sẹ́ ẹ, àwa la máa jẹ gbèsè tí kò bá ṣiṣẹ́, tí a bá sì lọ́ra, wọ́n á ní àgbẹ̀ ò gbọ́n.

* * *

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn wá kù.

Ìwọ àbúrò, ẹ̀ẹ̀melòó lo lọ sóko wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn? Ẹni tó ń ta oògùn wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, láti aago méje àárọ̀. Ó mọ orúkọ ọmọ wọn. Ó ń tà á láwìn, kí wọ́n sanwó tí wọ́n bá kó ẹ̀fọ́ tán. Òun ni olùkọ́ wọn, kì í ṣe ìwọ. Mi ò fi bú ẹ o, bí òótọ́ ṣe rí ni mò ń sọ, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní kó máa bójú tó àgbẹ̀ tó pọ̀ lọ súà, tí ò lówó epo ọ̀kadà, kí ló máa ṣe?

Àmọ́ ohun tí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ṣe fún mi, mi ò ní gbàgbé. Wọ́n bu oògùn sínú ike omi fún mi, kò sí àkọlé kankan lára ẹ̀, wọ́n ní èyí le dáadáa, ìdérí méjì sí pọ́ǹpù kan. Ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló fín in. Ọ̀sán gangan ni, atẹ́gùn ń fẹ́ padà sójú ẹ̀, ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀ ti tutù torí pọ́ǹpù ń jò. Kò tó wákàtí kan, ó ti ń bì, òógùn bò ó, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ó ní òun ò ríran dáadáa. A gbé e sáàárín èmi àti ọlọ́kadà. Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí pé oògùn wo ni. Ike omi ni mo nà sí i. Kò sí ohun tó lè kà lára ẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọmọ ọlọ́mọ, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dòní, ṣùgbọ́n mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Òfin ò ṣàìsí. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti 1 January 2024, wọ́n fòfin de atrazine láti 1 January 2025, oògùn koríko làwọn méjèèjì. Tí wọ́n bá ṣì ń bu nǹkan sínú ike omi, báwo làgbẹ̀ ṣe máa mọ èyí tí wọ́n fòfin dè?

Mo fẹ́ràn ohun tí wọ́n ṣe ní Indonesia. Oògùn tí wọ́n ń fín sórí ìrẹsì ti pa alántakùn tán, kòkòrò tó ń fa omi ara ìrẹsì wá ń ya bo oko. Ní 1986, ààrẹ wọn, Suharto, fòfin de oríṣi oògùn 57 lórí ìrẹsì, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa owó ìrànwọ́ tí wọ́n fi ń sọ oògùn di pọ́ọ́kú sẹ́yìn. Ní 1989 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ inú oko fún àwọn àgbẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ tún ọjà oògùn ṣe kí wọ́n tó pe àgbẹ̀ wá jókòó. Àwa níbí, àgbẹ̀ la kọ́kọ́ pè.

* * *

Dóńgóyárò, torí ẹ̀yin mẹ́rin lẹ ti kọ ọ́ pé kò ṣiṣẹ́.

Báwo lẹ ṣe ṣe é? Ọ̀pọ̀ ló ń ja ewé, tó ń sè é bí àgbo ibà. Inú kóró èso lagbára ẹ̀ wà jù. Ẹ sá a gbẹ lábẹ́ ibòji, ẹ bó èèpo, ẹ gún un, 50g sí lítà omi kan, ìyẹn 800g fún pọ́ǹpù 16 lítà. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ dáadáa kó má baà dí ẹnu pọ́ǹpù, ẹ da ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fín in, oòrùn máa ń ba agbára ẹ̀ jẹ́. Kòkòrò ò ní ṣubú lulẹ̀ lójú yín o. Ṣe ni kò ní lè jẹun mọ́, kò sì ní dàgbà. Ẹni tó ti mọ́ lára pé kó fín, kó wo òkú kòkòrò, á ní kò ṣiṣẹ́.

Ibi tí mo ti wà lẹ́yìn yín ni wàhálà ibẹ̀. Gígún 800g, ẹ̀yìn á ro èèyàn, tí o bá sì gba lébìrà, owó ẹ̀ lè ju ti ìgò oògùn kan lọ. Ẹni tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin lè ṣe é. Ẹni tó ní éékà méjì, ẹ má dá a lẹ́bi. Ti àgbàdo rọrùn díẹ̀: kòkòrò ajẹ̀gbàdo tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 2016, iyanrìn tí a pò mọ́ eérú la máa ń bù díẹ̀ sínú ọ̀mùdún àgbàdo tí a bá tètè rí i. Tó bá ti wọlé lọ tán, oògùn tí ẹ bá fín ò ní bá a mọ́.

Alájàpá náà ńkọ́? Ní 2015 àwọn ará Yúróòpù dáwọ́ gbígba ẹ̀wà gbígbẹ wa dúró torí dichlorvos, oògùn kòkòrò kan, tí wọ́n bá nínú ẹ̀. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá tó ń wá ra bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ mi, ihò ara ewé nìkan ló lè rí, tó bá sì rí ihò, ó ti gé owó kúrò. Ẹ̀fọ́ tí ihò ò sí lára ẹ̀ torí pé àná ni wọ́n fín in, ìyẹn ló máa yìn. Èmi ti bá tèmi jókòó, mo fi hàn án, ó gbà láti máa kó tèmi pẹ̀lú ihò díẹ̀, àmọ́ ó gba ọdún kan gbáko.

* * *

Àbúrò mi ti padà wá. Ó ní òun lọ béèrè. Nínú àwọn mẹ́ta yẹn, méjì ń dáko lórí ilẹ̀ bàbá wọn, ẹ̀kẹta ń háyà ilẹ̀ ni ṣùgbọ́n tíṣà ni, owó oṣù ń wọlé fún un, tí ẹ̀fọ́ bá bàjẹ́ ebi ò ní pa ọmọ ẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tàdínlógún, ẹni mẹ́rìnlá ló ń san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ní kí wá lòun máa ṣe lásìkò tó ń bọ̀.

Má kó ogún èèyàn jọ láti ogún ibi mọ́. Wá ibì kan tí oko mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti fara kanra, kí o mú gbogbo wọn pọ̀, pẹ̀lú ìyàwó wọn. Lọ bá onílẹ̀ kí o tó bá àgbẹ̀, bẹ̀ ẹ́ kó fún wọn ní ọdún mẹ́ta péré, kó wà nínú ìwé. Pe alájàpá kan tàbí méjì sí ìpàdé yẹn. Tí àjọ tó gbé ẹ níṣẹ́ bá lówó oúnjẹ ìpàdé, sọ fún wọn kí wọ́n fi owó yẹn dúró fún bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo lóko kọ̀ọ̀kan, tó bá bàjẹ́ wọ́n á san án. Bẹ́ẹ̀dì kan tó ni wọ́n máa fi gbìyànjú ẹ̀ ná.

Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè làwa máa ń yẹ oko wò níbí, aago méje àárọ̀, kí ìrì tó gbẹ. Tí o bá fẹ́ kó méjì nínú àwọn mẹ́tàdínlógún yẹn wá, ẹ wọ bàtà rọ́bà, àárín ilá máa ń rin ṣìnkìn. Ìyá àgbà tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn ló máa mú yín rìn.